Kí Ọkàn Yín Lè Balẹ̀ Lórí Ìlà Ìyìnbọn

Nínú ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ ti mítà 10, tóótó tó wà láàárín gbùngbùn pátákó àmì kò ju 0.5 mm lọ, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹnu bírò kan ìwé. Ọta 4.5 mm la fi ń wá a, nígbà 60, láàárín ìṣẹ́jú 75, lórí ìdúró, pẹ̀lú ìbọn tí ìwọ̀n rẹ̀ lè tó kílò 5.5. Bí ọta bá fi 0.25 mm péré yẹ̀, máàkì 0.1 ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ayìnbọn tó bá ń ṣe ìṣirò yìí lórí ìlà, àyà rẹ̀ á já, ọwọ́ rẹ̀ á sì tẹ̀ lé àyà. Ohun tó ń fi ayìnbọn lọ́kàn balẹ̀ ni pé ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe sí ọta kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣe é láìmọye ìgbà, ó sì ní ẹ̀rí rẹ̀ nínú ìwé. Ibi tí gbogbo ìdánrawò ìsàlẹ̀ yìí dorí kọ nìyẹn.

Ẹni tó ti wà lábẹ́ olùkọ́, ní pápá tí wọ́n fọwọ́ sí, la ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnu ìbọn kì í kúrò lọ́nà pátákó. Okùn ààbò aláwọ̀ yòò máa ń wà nínú ọ̀pá ìbọn títí wọ́n á fi ní kí á yọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánrawò láìfi ọta sí i, ẹ ṣí ibi tí ọta ń gbà wọlé, ẹ fojú wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì gbé agolo ọta jáde kúrò nínú yàrá. Ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ ti ìdíje ló ní ibi tí a ti ń yí i sí ìdánrawò, tí afẹ́fẹ́ kò fi ní tú jáde. Ti ìbọn .22, tó ń fi ẹ̀tù ta ọta, yàtọ̀: bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń gbá irin lásán, ó lè ba ẹnu ihò ọta jẹ́, nítorí náà ọta àtọwọ́dá ni kí ẹ fi sí i. Òjé sì ni wọ́n fi ń ṣe ọta, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọwọ́ kí oúnjẹ tó kan ẹnu.

Egungun ni kó gbé ìbọn

Ẹni tó bá ń fi iṣan gbé ìbọn, agara á ti dá a kó tó ta ọta 15. Ẹ jẹ́ ká fi ọlọ́wọ́ ọ̀tún ṣe àpẹẹrẹ, kí ọlọ́wọ́ òsì yí i padà. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló kọjú sí pátákó. Ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó èjìká, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan tó lọ tààrà sí àmì. Ìbàdí òsì yọ díẹ̀ sábẹ́ ìbọn kí ìgbọ̀nwọ́ òsì lè rí egungun jókòó lé. Ẹ̀yìn tẹ̀ díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìbọn, kí ìwúwo ìbọn àti ìwúwo ara lè pàdé láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Orúnkún nà, ṣùgbọ́n kò le gbagidi.

Orí dúró gangan. Ìbọn là ń gbé wá bá ojú, a kì í gbé ojú lọ bá ìbọn. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń na ọrùn síwájú, ìdí ìbọn ló gùn jù. Bí ẹ bá ń tẹ orí sísàlẹ̀, ihò ìwo ẹ̀yìn (ìwo ni ohun tí a ń gbà wo àmì lórí ìbọn) ló rẹlẹ̀ jù, ẹ gbé e sókè. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹni tí apá rẹ̀ kúrú lè di ìkúùkù sábẹ́ ìbọn kó lè ga dé ojú, ẹni tí apá rẹ̀ gùn lè tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i. Ẹ má ṣe jí ìdúró ẹlòmíràn lò nítorí pé ó gba àmì ẹ̀yẹ. Jákẹ́ẹ̀tì líle ń ran ẹ̀yìn lọ́wọ́, àmọ́ bí ìdúró bá burú, inú jákẹ́ẹ̀tì náà ló máa burú sí.

Ibi tí ara fúnra rẹ̀ ń wò

Bí a bá ní kí á mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, èyí la ó mú. Ẹ gbé ìbọn sí ipò, ẹ wo àmì, ẹ wá di ojú. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta, lẹ́ẹ̀mejì, kí èjìká rọ̀. Ẹ lajú. Ibi tí ẹnu ìbọn wà nígbà tí ojú là ni ibi tí ara yín fẹ́ kó wà.

Bó bá ti yà sí ọ̀tún àmì, ẹ má fi ọwọ́ fà á padà. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì ṣe òpó, ẹ sún ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ síhà ibi tí àyà yín kọjú sí, kó má ju ìbú ìka kan lọ, kí ẹ sì tún dán an wò. Bó bá yà sí òsì, ẹ sún ẹsẹ̀ ọ̀tún síhà ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ pé òkè tàbí ìsàlẹ̀ ló lọ, ìdí ìbọn ni kí ẹ wò: bí ìdí bá ga sí i ní èjìká, ẹnu á rẹlẹ̀, bí ìdí bá rẹlẹ̀, ẹnu á ga.

Kí ló dé tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn? Ẹni tó fi ọwọ́ fa ìbọn dé àárín ń rí àárín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí tírígà bá já, iṣan tó ń fà á á rọ̀, ìbọn á sì padà sí ibi tí ara fẹ́ kí ọta tó kúrò nínú ọ̀pá. Á wá rí 9.6 lápá ọ̀tún (10.9 ni máàkì tó ga jù fún ọta kan), á ní, “Àárín ni mo rí o!” Òótọ́ ló sọ. Látibẹ̀ ni kò ti ní fọkàn tán ojú rẹ̀ mọ́, á sọ pé ìbọn ò dáa, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìwo kiri. Ẹsẹ̀ kan tí kò sún ló fà á. Ẹsẹ̀ sì máa ń yọ́ kúrò nípò láìjẹ́ kéèyàn mọ̀, nítorí náà ẹ tún ìdánwò yìí ṣe lẹ́yìn ọta mẹ́wàá mẹ́wàá, àti nígbàkigbà tí ẹ bá ti ẹsẹ̀ kúrò.

Ọta kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan sí òmíràn. Ohun tí kò gbọdọ̀ yàtọ̀ ni pé kó rí bákan náà láti ọta kìíní dé ọta 60.

1. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lókè pátákó, kó bá nọ́ńbà ààyè yín mu.
2. Ẹ ki ọta, ẹ gbé ìdí ìbọn sí ojú kan náà ní èjìká, ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Bí ó bá rí bákan ṣe rí lára yín, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún un gbé.
3. Ẹnu ìbọn wà lókè àmì. Ẹ mí lẹ́ẹ̀mejì, kí ìwúwo ìbọn sọ̀ kalẹ̀ sórí ìbàdí.
4. Bí ẹ ṣe ń mí síta ni ìbọn ń sọ̀ kalẹ̀ wọ inú àmì. Níbi tí èémí ti dúró fúnra rẹ̀ ni kí ẹ dá a dúró. Ẹ fa ìpele kìíní tírígà tán.
5. Ojú wà lára funfun tó yí dúdú (rìbìtì dúdú àárín pátákó) ká nínú òrùka iwájú (òrùka ìwo tó wà níhà ẹnu ìbọn). Ìka ń tẹ̀, kò dúró.
6. Ọta jáde. Ẹ má gbé orí, ẹ má tú ìka sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí òrùka lọ, ẹ ka “ọ̀kan, èjì.”
7. Ẹ sọ ibi tí ẹ rò pé ọta wà, kí ẹ tó wo síkírìnì tó ń fi ibi tí ọta bà hàn.

Láti ìgbà tí òrùka ti dúró sínú àmì, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ lẹ ní. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á dín kù nínú ara, àwòrán àmì á lẹ̀ mọ́ ojú, èèyàn á máa rí àárín tó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ sọ ìbọn kalẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú. Ayìnbọn tó lè sọ ìbọn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láìbínú ti borí ìdajì ẹ̀rù. Ẹni tó ń sọ pé “ó ti fẹ́ dáa, jẹ́ n ta á” ló ń kó 8.9 jọ.

Ìka àti ìmì ìbọn

Ìbọn kì í dúró sójú kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń mì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rò pé iṣẹ́ òun ni láti dúró de ìgbà tí òrùka bá kọjá lórí àárín, kí òun sì já a gbà. Bó ṣe fẹ́ já a gbà ni ọwọ́ ń le, èjìká ń ta kìjí, ọta á sì jáde síta ibi tí ìmì náà kì bá tilẹ̀ dé. Bí ìmì yín bá tó ojú òrùka 9 tó wà lórí pátákó, tí ẹ sì tẹ tírígà díẹ̀díẹ̀ láìbìkítà, inú ojú òrùka 9 ni gbogbo ọta yín máa wà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á sì súnmọ́ àárín. Ẹ gba ìmì náà láàyè. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló ń dín in kù, ìṣẹ́jú-àáyá kan kò lè dín in.

Ọ̀pọ̀ ayìnbọn ìbọn afẹ́fẹ́ ń gbé tírígà sí nǹkan bíi gíráàmù 80 sí 100, ní ìpele méjì. Ojú ìka ìfábẹ̀là, láàárín orí ìka àti oríkèé kìíní, ló ń kan irin náà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ tààrà sẹ́yìn. Apá ìka yòókù kò gbọdọ̀ fara kan igi ìbọn. Bí ó bá kàn án, ẹ ó máa rí ọta tó ń ṣí lọ sápá kan láìnídìí.

Lórí òrùka iwájú: ẹ má ṣe mú èyí tó há mọ́ dúdú pinpin. Dúdú ti mítà 10 jẹ́ 30.5 mm. Bí funfun tó yí i ká bá tín-ín-rín jù, ojú á máa wá àṣìṣe, ìka á sì máa dúró de ojú. Òrùka bíi 4.0 mm dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́ síwájú bí ìka yín bá ń lọ́ra.

Pípe ọta, àti ìwé tí a ń kọ ọ́ sí

Ibí yìí ni ìfọkànbalẹ̀ ti ń jáde. Kí ẹ tó wo síkírìnì, ẹ pe ọta, bí ẹni pé ojú aago ni pátákó: àárín, tàbí aago mẹ́ta, tàbí aago méje. Lẹ́yìn náà ẹ wo o. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ojú ìwé kan lè rí báyìí:

Ọta 21: pípè, àárín. Ó jẹ́ 10.6.
Ọta 22: pípè, aago mẹ́ta. Ó jẹ́ 9.8, aago mẹ́ta.
Ọta 23: pípè, àárín. Ó jẹ́ 9.9, aago mẹ́ta.
Ọta 24: pípè, àárín. Ó jẹ́ 9.7, aago mẹ́ta.

Ẹni tó ń wo máàkì nìkan á ní ọta mẹ́ta ló burú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta 22 dára ní ti ìmọ̀: ayìnbọn rí i bó ṣe ń yẹ̀, ó sì pè é bó ṣe rí. Àwọn 23 àti 24 ló ń béèrè ìdáhùn, torí ohun tí ojú rí kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nípa dídi ojú bí a ti sọ. Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́: ṣé ibi kan náà ló wà? Lẹ́yìn ìyẹn, ìmọ́lẹ̀. Ìwo ló kẹ́yìn, ẹ má sì yí i lórí ọta kan ṣoṣo. Ẹ dúró de mẹ́ta sí márùn-ún tí ẹ pè sí àárín, tó sì kóra jọ sí ibì kan náà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àmì sí i bí ẹ bá tẹ̀ lé ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun yòówù kí máàkì rẹ̀ jẹ́. Tó bá jẹ́ 28 nínú 40 lọ́sẹ̀ yìí, tó wá di 33 lóṣù tó ń bọ̀, ohun tí ẹ lè gbára lé nìyẹn lọ́jọ́ ìdíje. Máàkì lè lọ sókè sódò nítorí ìmọ́lẹ̀ tàbí oorun tí kò tó, àmọ́ òǹkà yìí wà lọ́wọ́ yín.

Ìdánrawò láìfi ọta sí

Ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀, nílé. Ẹ kọ́kọ́ kọjú sí ògiri funfun lásán, ẹ tẹ tírígà nígbà mẹ́wàá, ẹ máa wo òrùka iwájú nìkan. Bí òrùka bá ta nígbà tí tírígà já, ìka ló ń ti ìbọn. Torí pé kò sí àmì tí ojú ń lé, àṣìṣe ìka ò rí ibi sá sí. Lẹ́yìn náà ẹ fi àmì kékeré sí i. Bí yàrá bá jẹ́ mítà 5, dúdú rẹ̀ á jẹ́ 15.25 mm, ìdajì ti pápá. Ní mítà 10, àárín àmì ga ní mítà 1.40, ní mítà 5, ẹ gbé e sí agbedeméjì 1.40 náà àti gíga ojú yín lórí ìdúró, kí ìbọn má bàa tẹ̀ ju bó ṣe yẹ.

Ẹ fi gbígbé ìbọn dúró kádìí rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 30 nínú àmì láìtẹ tírígà, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá ti ń rẹ̀ yín débi tí ìdúró ń yí padà, ẹ dá a dúró. Ìdánrawò pẹ̀lú àárẹ̀ ń kọ́ ara ní ìdúró burúkú.

Ní pápá, ẹ ya ọjọ́ ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ máàkì. Lọ́jọ́ ìmọ̀, ẹ yí pátákó bébà padà sẹ́yìn, ẹ ta 20 sínú funfun lásán. Ìṣùpọ̀ ihò tí yóò jáde máa ń ya èèyàn lẹ́nu.

Kíkó ẹ̀rù wá sínú ìdánrawò

Lọ́jọ́ ìdíje, ọkàn á lù kì-kì-kì, ìmì á fẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí fún gbogbo ènìyàn, àwọn tó ń borí náà ní in. Ìyàtọ̀ ni pé wọ́n ti yìnbọn nínú rẹ̀ rí. Ẹ gun àtẹ̀gùn títí ọkàn á fi máa lù, ẹ gbé ìbọn, ẹ tẹ̀ lé ètò. Ẹ ó rí i pé ẹ ní láti mí lẹ́ẹ̀kan sí i lókè àmì kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé.

Ọta kìíní ló ń dẹ́rù bani jù. Nítorí náà, lójoojúmọ́ tí ẹ bá dé pápá, lẹ́yìn ọta ìdánwò, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dìde, ẹ ta ọta kan ṣoṣo tó ní máàkì. Kò sí àtúnṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, ojú ìwé kan á wà tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ “ọta kìíní,” ẹ ó sì mọ bí tiyín ṣe ń rí.

Ẹ ní kí ẹnì kan máa pàṣẹ bíi ti ìdíje àṣekágbá, kó fún yín ní ìṣẹ́jú-àáyá 50 fún ọta kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe lò ó ní Olympics ti Tokyo àti ti Paris. Kí ó fi orin sí i, kí àwọn èèyàn máa pariwo. Ẹ fi bébà bo ibi tí síkírìnì ti ń kó máàkì jọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá ara yín sọ náà ń fẹ́ ìdánrawò. “Má ta mẹ́sàn-án” kò sọ ohun tí ìka máa ṣe fún un. “Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀” sọ ọ́. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ iṣẹ́, kó jẹ́ òun náà lẹ ó máa lò.

Ọjọ́ ìdíje

Ẹ tètè dé, kí àyẹ̀wò ohun èlò má bàa di eré sísá. Ìṣẹ́jú 15 wà fún ìmúrasílẹ̀ àti ọta ìdánwò. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́ rí i dájú pé ẹsẹ̀ wà nípò, kí ẹ sì tẹ tírígà láìsí ọta. Ẹ ta bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi ìṣẹ́jú méjì ìkẹyìn sọ ìbọn kalẹ̀, kí ẹ mí. Ìṣẹ́jú 75 fún ọta 60 jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí tiyín bá ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 45, ìṣẹ́jú 30 lẹ ní láti fi sinmi. Ẹ lò ó, kì í ṣe owó tí à ń tọ́jú.

Ní ìdíje mítà 50, tí a ń fi ìbọn .22 ta, ojú òrùka 10 jẹ́ 10.4 mm, afẹ́fẹ́ sì ni ọ̀gá. Àsíá kékeré máa ń wà ní mítà 10 àti mítà 30. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ nígbà tí ẹ ń tún ìwo ṣe ni kí ẹ dúró dè, tí aago bá gbà yín láàyè.

Nígbà tí ọta bá burú

Matt Emmons ti Amẹ́ríkà wà níwájú ní Olympics ti Athens lọ́dún 2004, ó ku ọta kan. Ó ta á dáadáa, ṣùgbọ́n pátákó ẹlòmíràn ló ta á sí. Òdo ni wọ́n fún un, ó sì bọ́ sí ipò kẹjọ. Nítorí ìyẹn ni nọ́ńbà ààyè fi jẹ́ nọ́ńbà kìíní nínú ètò wa lókè, tí a kì í fò ó nítorí pé ọkàn ń lù. Ní Beijing lọ́dún 2008, òun náà tún wà níwájú, ọta ìkẹyìn sì jẹ́ 4.4. Síbẹ̀ ó padà wá, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ bàbà ní London lọ́dún 2012. Ní Beijing yẹn kan náà, Abhinav Bindra ti India bá Henri Häkkinen ti Finland dọ́gba, ó ku ọta kan. Bindra ta 10.8, Häkkinen ta 9.7. Ọta kan ò mọ̀ pé òun ni ìkẹyìn; ayìnbọn ló mọ̀.

Bí ọta bá burú, ẹ gbé ìbọn lé ìdúró rẹ̀. Ẹ yí ojú kúrò níbi síkírìnì. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ṣé mo tẹ̀ lé ètò? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ mọ ìgbésẹ̀ tí ẹ fò, ẹ tẹ tírígà lẹ́ẹ̀kan láìsí ọta níbi tí òfin bá ti gbà á, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e, tí ẹ sì pè é bó ṣe rí, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Mẹ́ta tó burú léraléra ni àmì pé kí ẹ ti ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ mu omi, kí ẹ tún ìdúró kọ́ láti ilẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti fi ọta tó tẹ̀ lé e san gbèsè: kò sí 11 lórí pátákó.

Lẹ́yìn ọta ìkẹyìn, kí ẹ tó lọ wo ipò tí ẹ wà, ẹ jókòó ti ìwé yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ kọ iye ọta tí ẹ fi tẹ̀ lé ètò, ìgbà mélòó lẹ sọ ìbọn kalẹ̀, àti ọta tí ẹ pè tí kò bá síkírìnì mu. Inú ọta wọ̀nyẹn ni ìdánrawò ọ̀la ti máa bẹ̀rẹ̀.